Fìlà Rere, Bàtà Rere: Ẹ̀kọ́ Nípa Títún Ilé Alámọ̀ Àtijọ́ Ṣe ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: ohun tí kò bá ní ìpìlẹ̀ gidi, ohun kékeré ni yóò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn tí ó pa á mọ ọ̀tá ilé dájú. Wọn kò dárúkọ ìjì, wọn kò dárúkọ iná, wọn kò sì dárúkọ ogun. Omi ni wọ́n dárúkọ, àní ìrì òwúrọ̀ lásán tí oòrùn kékeré ń gbẹ.

Láti inú òwe yìí ni ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí ti jáde. Ní ìgbèríko gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní agbègbè Devon, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ó wà tí ó jẹ́ pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri wọn. Òjò kì í wọ́n ní ilẹ̀ náà, òtútù rẹ̀ sì ń wọra. Síbẹ̀, àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí ti lé ní 400 ọdún, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú wọn títí di òní. Ìyanu kejì ni pé lára irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó ti la òjò ọ̀rúndún mélòó kan já, ni a ti rí èyí tí ògiri rẹ̀ dà wó lójijì lẹ́yìn ìwọ̀nba ọdún tí a fi owó gidi tún un ṣe.

Kí ni ó mú un dúró láti ìgbà yẹn wá? Kí ni ó sì wó o nígbà tí a tún un ṣe tán? Bí a bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì, a ó mọ ohun tí títún ilé àtijọ́ ṣe jẹ́ gan-an. A ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tiwa.

Irú Ilé tí à ń Sọ̀rọ̀ Rẹ̀

Cob ni àwọn ará Devon ń pe amọ̀ ìmọlé wọn, ṣùgbọ́n amọ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé amọ̀ náà ni. Erùpẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀dú ni wọ́n ń wà fún un. Ilẹ̀dú fúnra rẹ̀ kò wúlò fún ògiri, nítorí pé gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀. Nítòsí ibi tí ilé yóò wà ni wọ́n ti ń wa erùpẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ilé fi máa ń bá àwọ̀ ilẹ̀ abúlé mu, tí a fi ń rí ògiri pupa ní abúlé kan àti ògiri tí ó fẹ́ ràn bí awọ ní òmíràn. Wọn á bu omi sí erùpẹ̀, wọn á da koríko àlìkámà tàbí ti bálì gbígbẹ sí i, wọn á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi pò pọ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n a tilẹ̀ máa da màlúù sí orí rẹ̀ kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Bí amọ̀ bá ti pò tán, wọn á máa kó o lé orí ìpìlẹ̀ olókùúta. Wọn kì í sábà fi pátákó há a mọ́ra. Bí ó ti nípọn tó ni ó ń jẹ́ kí ó dúró. Ìpele kan lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 60. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan tán, wọn á fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, wọn á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè gún, kí wọn tó mọ òmíràn lé e. Ògiri tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 wọ́pọ̀ láàárín wọn. Nítorí pé a kò lè kánjú gbígbẹ amọ̀, mímọ ilé kan lè gbà ju ìgbà ooru kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé àwọn aláìní nìkan ni èyí. Hayes Barton, ilé oko kan nítòsí abúlé East Budleigh ní Devon, níbi tí wọ́n bí Walter Raleigh sí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ilé alámọ̀ ni, koríko ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé ìtàn àròsọ Thomas Hardy yóò fẹ́ láti mọ̀ pé ilé alámọ̀ ni wọ́n bí òun náà sí ní 1840, ní abúlé Higher Bockhampton ní Dorset tí ó múlé ti Devon. Bàbá tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀ ni ó mọ ilé náà ní 1800. Inú rẹ̀ ni Hardy ti kọ *Far from the Madding Crowd*, tí ó jáde ní 1874. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tí ó Mú Ilé Amọ̀ Dúró

Àwọn ará Devon ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti di òwe láàárín wọn. Wọ́n ní ohun tí ilé amọ̀ ń fẹ́ kò ju méjì lọ: fìlà rere àti bàtà rere. Bí ó bá ní méjèèjì, wọ́n ní títí ayé ni yóò dúró.

Bàtà ilé ni ìpìlẹ̀ olókùúta tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ yọ sókè kúrò nínú ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ amọ̀ má baà kan ilẹ̀ tútù, kí omi òjò tí ó ń ta láti ilẹ̀ má sì lè bá a. Fìlà ilé ni òrùlé koríko. Nínípọn ni koríko náà, etí rẹ̀ sì máa ń yọ síta kọjá ògiri dáadáa, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí ọ̀nà jíjìn sí ẹsẹ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni kò ní gọ́tà rárá.

Àwa yóò fi ohun kẹta kún un, èyí tí òwe wọn kò dárúkọ: ẹ̀wù. Ẹ̀wù ilé amọ̀ ni ẹfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ara ògiri. Kì í ṣe ẹfun tí a ń rà ní ọjà ni a ń wí, bí kò ṣe èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní láìmù. Wọ́n ń sun òkúta ẹfun nínú iná tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ísíọ́ọ̀sì. Bí a bá bu omi sí òkúta sísun náà, yóò hó, yóò gbóná gidigidi, yóò sì tú di ohun funfun tí ó rọ̀ bí ògì dídì. Èyí ni wọ́n ń pò mọ́ iyanrìn àti irun ewúrẹ́ láti fi rẹ́ ògiri. Bí ó ti wà lára ògiri, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù-dàì-ọ́sáìdì, irú èyí tí à ń mí síta, padà sínú ara rẹ̀, títí tí yóò tún fi di òkúta gẹ́gẹ́ bí ó ti wà kí a tó sun ún.

Ìwà pàtàkì tí ẹfun yìí ní ni pé ó ń jẹ́ kí ògiri mí. Ọ̀rinrin tí ó bá wọ inú amọ̀, ìbáà ṣe láti ilẹ̀, ìbáà ṣe láti inú òjò tàbí láti inú ooru ìdáná, yóò gba inú ẹfun jáde, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Ó yẹ kí a ní i lọ́kàn pé ògiri amọ̀ kì í gbẹ pátápátá. Ọ̀rinrin díẹ̀ a máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, kò sì ní í pa á lára. Ohun tí ń pa á ni omi tí ó wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde.

Àtúnṣe tí ó Di Àrùn

Ní 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní Leeds, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun tí ó pè ní sìmẹ́ǹtì Portland. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún ogún, irú sìmẹ́ǹtì tí ó ti ibẹ̀ jáde ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹfun. Ó ń tètè le, ó lágbára, omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá bọ̀rọ̀, kò sì bẹ̀rù òtútù tó ẹfun. Ta ni kò ní fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Àwọn onílé ní ìgbèríko rí ògiri àtijọ́ tí ẹfun rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n pe bíríkìlà, ó sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo rẹ̀ dan. Ilé tutù lójú. Owó ti jáde, ọkàn sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì náà. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ó bá tutù, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Líle ni ó le. Nítorí náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi sán ní tíntín. Ògiri tí ó sán nìyí, àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá ti ilé amọ̀ ni omi òjò. Ojú sísán tíntín yìí ni yóò gbà wọlé, ṣùgbọ́n kò ní lè gba ibẹ̀ jáde mọ́, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ti dí ojú ògiri yòókù. Ó wá dà bí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù ọ̀rá ní ọ̀sán gangan: òjò kò pa á, ṣùgbọ́n òógùn ti rin ín gbingbin nínú lọ́hùn-ún.

Omi tí ó há sínú ògiri yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kó jọ sí ẹsẹ̀ ògiri. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹrù ilé pọ̀ sí jù lọ. Bí omi ibẹ̀ bá ti ju ìwọ̀n kan lọ, amọ̀ náà yóò padà di ohun tí ó jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Yóò rọ̀, kò ní lè ru ohun tí ó wà lórí rẹ̀ mọ́, odindi apá kan ògiri yóò sì ya lulẹ̀. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ojú ilé lè máa dán títí di ọjọ́ náà. Sìmẹ́ǹtì tí kò jẹ́ kí omi jáde ni kò jẹ́ kí onílé rí àìsàn ilé rẹ̀.

Àwọn àtúnṣe mìíràn a máa bá sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ibi yìí. Èkíní ni kí a kó erùpẹ̀ tàbí kọnkéré jọ sí ẹ̀yìn ilé títí tí ilẹ̀ yóò fi ga ju bàtà olókùúta lọ. Èkejì ni kí a da kọnkéré sí ilẹ̀ inú ilé, kí a sì tẹ́ ọ̀rá sí abẹ́ rẹ̀. Omi ilẹ̀ tí ó ti máa ń gba ojú ilẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ lè wá forí lé ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ìgbàlódé tí ó ń dí ojú ògiri nínú ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó dà bí ìlọsíwájú lójú ẹni tí ó ṣe é.

Bí a ṣe ń Tún un Ṣe

Ẹni tí ó bá ra irú ilé yìí, ìbáà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ àlejò, ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé nìwọ̀nyí.

(i) Wíwò. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni à ń wò kí a tó fọwọ́ kan òòlù. Ó dára kí onílé gbé ilé náà, tàbí kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò, fún bí ọdún kan, kí ó lè rí i nínú òjò, nínú òtútù àti nínú ooru. Ibo ni omi ń gbà? Ogiri wo ni ó ń tutù, ní ìgbà wo? Sísán tí ó wà lára ògiri, ṣé ti àtijọ́ ni àbí ó ṣì ń gbòòrò? Bí ògiri bá ti wú síta tàbí tí ó fì, ẹńjìníà tí ó mọ ìwà ilé amọ̀ ni kí ó pè, kì í ṣe bíríkìlà tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

(ii) Dídá omi dúró. Iṣẹ́ yìí ni kò náni lówó púpọ̀ tí ó sì ń mú èrè wá jù. Kí a wa erùpẹ̀ tí ó ti bo bàtà ilé kúrò, kí a tún gọ́tà tí ó ń jò ṣe, kí a dí ibi tí òrùlé ti ń jò, kí a sì la ọ̀nà fún àgbàrá kí ó má ṣe forí lé ilé. Ọ̀pọ̀ ògiri tí ó dà bí ẹni pé ó ń kú lọ ni ó ti sàn lẹ́yìn èyí nìkan.

(iii) Yíyọ sìmẹ́ǹtì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ògiri tí omi ti rin bá ti gbára lé sìmẹ́ǹtì láti dúró, ẹni tí ó bá fi ìkánjú ṣí i lè wó ilé lé ara rẹ̀ lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń ṣí i, a ó sì kọ́kọ́ fi igi gbé òrùlé àti ògiri ró níbi tí ó bá yẹ. Lẹ́yìn náà, a ó fi ògiri sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ògiri tí ó nípọn tó báyìí lè gbà tó oṣù púpọ̀ kí ó tó gbẹ, kò sì dára kí a fi ẹ̀rọ amúlé-gbóná lé e sáré.

(iv) Fífi amọ̀ di amọ̀. Ibi tí ògiri bá ti jẹ, amọ̀ ni kí a fi dí i, kí ó sì jẹ́ irú amọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti mọ irú rẹ̀, a ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, a ó rọ omi sí i, a ó sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ sílẹ̀, èyí tí ó kúnná jù ú lọ yóò tẹ̀lé e, amọ̀ gidi yóò sì gbẹ̀yìn. A ó wá fi ojú rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé amọ̀ tí ó wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe pàǹtí. A lè fọ́ ọ, kí a bu omi àti koríko tuntun sí i, kí a sì tún fi í mọ ògiri náà padà. Níbi tí a kò bá fẹ́ kí amọ̀ tutù sún kì, a ó kọ́kọ́ fi í ṣe bíríkì oòrùn, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó fi amọ̀ tò ó sínú ihò náà.

(v) Rírẹ́ ẹ lẹ́fun. Ìgbà tí òtútù kò mú ni à ń ṣe èyí, nítorí pé bí omi dídì bá bá ẹfun tí kò tíì le, yóò bà á jẹ́. Oòrùn líle náà kò dára fún un; a ó fi aṣọ ìdọ̀họ bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i kí ó má baà yára gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán, a ó fi ẹfun ṣíṣàn kùn ún ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́. Kí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí pé ẹfun tutù a máa jó ara, ó sì lè fọ́ ojú.

(vi) Òrùlé. Koríko àlìkámà ni ó jẹ́ àbáláyé ní Devon, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé esùsú etí omi náà wà. Orí òtéńté òrùlé ni ó máa ń tètè gbó. Ní nǹkan bí ọdún 10 sí 15 ni à ń tún un ṣe. Ìyókù lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí onílé má ṣe gbàgbé ọ̀nà èéfín, nítorí pé iná ni ọ̀tá ilé koríko.

Ọ̀rọ̀ Òfin àti Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ohun tí ó bá wu onílé ni ó lè ṣe sí ilé àtijọ́. Láti ìgbà òfin ètò ìlú àti ìgbèríko ti 1947 ni ìjọba ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Òfin ti 1990 ni ó de ọ̀rọ̀ wọn lónìí. Gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1700, tí kò tíì yí padà púpọ̀, ni ó máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1700 sí 1850. Ẹni tí ó bá wó apá kan irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó yí i padà débi tí ìwà rẹ̀ fi yàtọ̀, láìgba àṣẹ, ti ṣẹ̀ sí òfin, ilé ẹjọ́ sì lè fìyà jẹ ẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tún lè pàṣẹ fún ẹni tí ó ra ilé pé kí ó tú ohun tí onílé àná ṣe láìgba àṣẹ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń ra ilé wádìí kí ó tó sanwó.

Àwọn àlejò inú òrùlé pàápàá ní òfin tiwọn. Àwa a máa sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní Devon, ẹnìkan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òfin 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ àti àwọn òfin tí ó tẹ̀lé e kò fàyè gba kí a lé wọn tàbí kí a ba ibùgbé wọn jẹ́. Bí wọ́n bá wà ní àjà, onímọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá wò wọ́n, iṣẹ́ yóò sì dúró de ìgbà tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti ṣáájú òfin dé ibẹ̀. Ní 1877, William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo ilé àtijọ́. Ohun tí ó bí wọn nínú ni bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àtúnṣe ha ara ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di tuntun. Èrò wọn ni pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni ó yẹ ilé àtijọ́, kí ẹni tí ó bá tún un ṣe sì yọ díẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, ó sì ń kọ́ni ní iṣẹ́. Thomas Hardy tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di ọmọ ẹgbẹ́ náà ní 1881. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni ó kọ́ kí ó tó di òǹkọ̀wé, ó sì bá wọn tún ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ṣe ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní 1906, ó kọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹgbẹ́ yìí nínú èyí tí ó ti kábàámọ̀ ohun tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Ọmọ inú ilé amọ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó Kàn Wá?

Ẹni tí ó bá ti ń kà á bọ̀ yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ohun tí a ń ròyìn kò ṣàjèjì. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ìpele ìpele ni a ń mọ ògiri. A ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí a tó gun òmíràn lé e. Ẹsẹ̀ ni àwa náà fi ń pò ó. Koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni fìlà wa, etí rẹ̀ a sì máa yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èdè wa gan-an ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀. A ń *kọ́* ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti amọ̀, a ń *mọ* ọ́ ni, bí a ti ń mọ ìkòkò. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà fún ilé àti fún ìkòkò mọ̀ pé láti inú omi ni ohun méjèèjì ti jáde. Ìyàtọ̀ kan ni pé a sun ìkòkò níná, a kò sun ilé. Nítorí náà, ilé lè padà sínú omi.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Devon ti ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìlú wa àtijọ́ pẹ̀lú. A bọ́ fìlà koríko, a dé páànù tí etí rẹ̀ kò yọ tó ti tẹ́lẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ amọ̀ kí ilé lè jọ ti ìgbàlódé. A sì ń rí i bí ó ti ń ṣí ní abala abala, tí ẹsẹ̀ ògiri sì ń jẹ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ pé ilé amọ̀ kì í pẹ́.

A kò sọ pé kí a ṣe àwòkọ Devon. Ọyẹ́ àti oòrùn wa ń gbẹ ògiri ju tiwọn lọ. Àwa sì ní ikán, tí àwọn kò ní. Páànù náà ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí pé kì í tètè gbiná. Ohun tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ìlànà: kí a mọ ìwà ohun tí a fẹ́ tún ṣe, kí á tó wá ohun tí a ó fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilé bàbá rẹ̀ là lè bẹ̀rẹ̀ láìní owó púpọ̀: kí ó fa etí òrùlé síta, kí ó wa kòtò fún àgbàrá, kí ó fi òkúta bo ẹsẹ̀ ògiri, kí ó sì fi amọ̀ rẹ́ amọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé fìlà, bàtà àti ẹ̀wù tí ó ń mí ni ó mú ilé amọ̀ Devon dúró, àti pé àtúnṣe tí kò bá ìwà rẹ̀ mu ni ó ń wó o. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò parọ́: ìrì yóò wó ilé tí a fi itọ́ mọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í ṣe itọ́, bí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ bá mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn ará Devon ráyè gba ọgbọ́n yìí padà nítorí pé àwọn àgbà díẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n nígbà tí àwọn èwe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Àwọn ọ̀mọlé tiwa ti ń dín kù. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú amọ̀ kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ tí ìpele kan ń gbà kí ó tó gbẹ, ewé tí wọ́n ń pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, orí wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, àkòrí kan nìyí. Kí olúkúlùkù wa mú ìwé àti gègé lọ sí ìlú rẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó wá àgbà ọ̀mọlé kan rí, kí ó sì jókòó tì í.